Oyin Inú Kọ́bọ́ọ̀dù Alhaja

Bí o bá ń wá iṣẹ́ tí bàbá ìyàwó rẹ yóò lóye lọ́jọ́ ìdána, yáa fo ojú ewé yìí. Ọdún márùndínlógójì ni mo fi ṣe tèmi, títí di òní yìí, bí àwọn àna mi bá fẹ́ júwe mi fún ẹnìkan, wọ́n á ní mo ń ṣiṣẹ́ "nídìí iná yunifásítì." Mo ti fi wọ́n sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ó kéré tán, èmi ni wọ́n ń pè bí wáyà bá jó.

Iṣẹ́ mi ni láti wá pílánẹ́ẹ̀tì. Kì í ṣe àwọn tó ń yí oòrùn tiwa ká o. Àwọn yẹn ti lórúkọ, wọ́n ti gbajúmọ̀. Àwọn kéékèèké ni mò ń wá, tó jọ ayé tiwa, tó ń yí ìràwọ̀ tó jọ oòrùn ká lọ́nà jíjìn réré. N kò fi ojú mi rí ọ̀kan rí, ẹnikẹ́ni ní Zaria kò sì rí i. Ọdún márùndínlógójì nídìí ohun tí a kò rí, wọ́n sì fún mi ní ìwé ìfẹ̀yìntì tó mọ́ tónítóní. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń sọ pé iṣẹ́ kò sí, ẹ kò tíì wò ó dé òkè ni.

Sabon Gari, ní Zaria, ni wọ́n bí mi sí. Ìlọrin ni bàbá mi ti wá, búútà àti ẹní ló ń tà. Mo jáde sẹ́kọ́ńdìrì, mo lọ sí Samaru, níbi tí yunifásítì wà, láti wá iṣẹ́. Wọ́n bi mí bóyá mo lè gun àkàbà. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Wọ́n ní kí n wá máa nu gíláàsì awò ńlá tí wọ́n fi ń wo ojú ọ̀run. Bí mo ṣe rí iṣẹ́ nìyẹn. Ìwé tí mo kà lé e wá lẹ́yìn, díẹ̀díẹ̀, lẹ́yìn iṣẹ́ òòjọ́.

Ọ̀gá tó ni awò náà ni Dókítà Muníráátù, tí gbogbo wa ń pè ní Alhaja. Ọmọ Ọ̀yọ́ ni, ó ga, ó máa ń fi pẹ́ńsù sínú gèlè bí ẹni fi abẹ́rẹ́ pamọ́. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ó kọ́ mi bí a ṣe ń nu gíláàsì. Búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀ ni, láti àárín sí etí, láìtẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, ní gbogbo ọjọ́ Jímọ̀ kí a tó lọ kírun. Ó ní nítorí pé orúkọ mi ni Jímọ̀, n kò ní àwáwí kankan láti gbàgbé. Mo fi ọdún mẹ́ta nu gíláàsì kó tó jẹ́ kí n fọwọ́ kan bébà.

Bébà ni irinṣẹ́ wa nígbà yẹn. Awò ń wo ìràwọ̀ kan, bírò kékeré kan ń fa ìlà sórí bébà gígùn, bí ìmọ́lẹ̀ ìràwọ̀ náà bá ròkè, ìlà á ròkè, bó bá dín, á wálẹ̀. Èmi ni mò ń fi rúlà wọn ìlà náà, tí mò ń fi ọwọ́ to àmì sínú ìwé oníhò kéékèèké. Nígbà náà, a kò tilẹ̀ wá pílánẹ́ẹ̀tì. Àwọn ìràwọ̀ tí ìmọ́lẹ̀ wọn ń yí padà là ń kọ sílẹ̀. Ṣùgbọ́n mo ti gbọ́ pé irú nǹkan bẹ́ẹ̀ ṣeé ṣe. Nítorí náà, lọ́jọ́ tí mo rí ìlà kan tó wálẹ̀ tó tún gòkè, mo sáré wọ ọ́fíìsì Alhaja, mo ní mo ti rí pílánẹ́ẹ̀tì.

Kò wo bébà náà. Ó bi mí, "Kí ni ó tún lè jẹ́?"

Mo ní n kò mọ̀. Ó ní kí n lọ dúró lábẹ́ igi dongoyaro tó wà níta, kí n má padà wọlé láìmú ohun mẹ́wàá tó lè mú kí ìmọ́lẹ̀ ìràwọ̀ dín. Mo rí mẹ́rin fúnra mi: ìkùukùu, iná tó ṣẹ́jú, ìràwọ̀ méjì tó ń dí ara wọn lójú, àbàwọ́n lára ìràwọ̀ náà. Malam Sani, tó máa ń ṣí òrùlé awò fún wa, ṣàánú mi, ó fi èdè Hausa fún mi ní márùn-ún sí i, títí kan àdán. Ẹ̀kẹwàá kò wá. Nígbà tí oòrùn fẹ́ bẹ́ mi lórí, mo wọlé, mo ní ẹ̀kẹwàá ni ebi, pé ebi ló ń pa mí, ó ṣeé ṣe kí ọwọ́ mi ti gbọ̀n lórí rúlà. Mo rò pé yóò lé mi. Ó kọ ọ́ sílẹ̀. Ebi wà lórí páálí tó lẹ̀ mọ́ ògiri ọ́fíìsì wa títí ó fi fẹ̀yìn tì.

Nígbà tí a wá bẹ̀rẹ̀ sí í wá pílánẹ́ẹ̀tì lóòótọ́, kọ̀ǹpútà ti dé, kámẹ́rà ti gba ipò bírò. Jẹ́ kí n ṣàlàyé iṣẹ́ náà fún ọ. Dúró sí Hanwa, ní apá kan Zaria. Kí ẹnìkan tan iná mọ́tò ní Bomo, abúlé tó jìnnà sí i, kí eṣinṣin kan rìn kọjá lójú iná náà. Ìwọ, láti Hanwa, sọ fún mi bí iná náà ṣe dín tó. Bí ayé kan bíi tiwa bá gba iwájú oòrùn rẹ̀ kọjá, ohun tó ń dín nínú ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ kò pé ìdá kan nínú ẹgbàárùn-ún. Awò wa ní Samaru kò lè rí bẹ́ẹ̀ láéláé. Àwọn awò tí wọ́n gbé sókè òfuurufú ló ń rí i, àwọn tó ni wọ́n a sì kó gbogbo àkọsílẹ̀ wọn sórí intanẹ́ẹ̀tì fún ẹni tó bá fẹ́. Ibi tí mo ti ń kó o wálẹ̀ nígbà náà, ilé ìtajà fóònù kan ní Samaru ni. Mo máa ń jókòó láàárín àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó ń gba fíìmù sílẹ̀, wọ́n sì máa ń bi mí irú fíìmù tí mò ń gbà tí kò tán láti àárọ̀. Mo máa ń ní ti ìràwọ̀ ni. Wọ́n máa ń rò pé àwọn ìràwọ̀ fíìmù Hausa, ti Kannywood, ni mò ń wí.

Àárín àwọn àkọsílẹ̀ yẹn là ń wá ìràwọ̀ tó dín díẹ̀, tó bọ̀ sípò, tó tún dín ní àsìkò tó yẹ. Bí a bá rí ọ̀kan, Alhaja kò gbọdọ̀ gbọ́ kí ẹnikẹ́ni pè é ní pílánẹ́ẹ̀tì. Ó ní ọmọ tuntun nílé wa, àlejò là ń pè é títí di ọjọ́ kẹjọ, kó tó lórúkọ. Nítorí náà, ó ka ìdánwò mẹ́jọ sílẹ̀ fún àlejò kọ̀ọ̀kan, ó sì pe ìdánwò kọ̀ọ̀kan ní ọjọ́. Ọjọ́ kan lè gba ọdún méjì. Bí ẹnìkan bá bi wá bí iṣẹ́ ṣe ń lọ, a ó ní, "Àlejò wa ti pé ọjọ́ márùn-ún," àwọn olùkọ́ tó kù ní ẹ̀ka wa a sì máa wojú ara wọn.

Inú kọ́bọ́ọ̀dù Alhaja ni ìgò oyin kan wà, ó dì í lẹ́nu gbọningbọnin. Lọ́jọ́ tí àlejò kan bá pé ọjọ́ mẹ́jọ, a ó ṣí i, a ó fi sọ ọ́ lórúkọ. Ọdún mẹ́sàn-án ni mo fi ń wo ìgò yẹn. Àlejò wá, àlejò lọ. Ọjọ́ kẹta ló pa òmíràn, ọjọ́ kẹfà ló pa òmíràn. Oyin wà níbẹ̀.

Ọjọ́ kẹjọ ni tiwa gan-an. Àwọn awò tó wà lókè ní àléébù kan: àwọn ìràwọ̀ tó sún mọ́ra máa ń pa pọ̀ di ọ̀kan lójú wọn, bí ìgbà tí o bá wo agboolé láti ọ̀nà jíjìn tí o rí iná, tí o kò mọ yàrá tó ti ń tàn. Bí ìràwọ̀ kékeré kan ládùúgbò bá ní èkejì tó ń dí i lójú, yóò dà bí ẹni pé ìràwọ̀ ńlá ló dín díẹ̀. Awò tiwa ní Samaru lè ya àwọn aládùúgbò wọ̀nyí sọ́tọ̀, kí ó ṣọ́ wọn níkọ̀ọ̀kan ní wákàtí tí àlejò yẹ kó kọjá. Bí aládùúgbò kan bá ṣẹ́jú, òun ló fà á, àlejò kò sí.

Ìgbà yẹn, mo ti di ẹni tó ní tábìlì. Ọwọ́ mi ni ọjọ́ kẹjọ wà. N kò gun àkàbà mọ́. N kò sì bi ẹnikẹ́ni léèrè ẹni tó ń gùn ún.

Ó ku oṣù mẹ́rin kí Alhaja fẹ̀yìn tì nígbà tí àlejò kan pé ọjọ́ keje láìfarapa. Aládùúgbò márùn-ún ló ní. Ọyẹ́ sì ti mú Zaria lọ́rùn lọ́sẹ̀ náà, a kò rí orí táńkì omi láti ojú fèrèsé. Ní ọ́fíìsì wa, kò sí ohun tí a kì í di ru ọyẹ́. Búrẹ́dì gbẹ, ọyẹ́ ni. Kọ̀ǹpútà kò tàn, ọyẹ́ ni. Bí Malam Sani bá pẹ́ dé, kò ní tíì jókòó kó tó sọ pé "hunturu ne," ọyẹ́ ni. Nígbà tí mo wo àwọn fọ́tò tí kámẹ́rà yà lóru, aládùúgbò mẹ́rin dúró ṣinṣin. Ìkarùn-ún, èyí tó ṣókùnkùn jù, wálẹ̀ fún bíi wákàtí kan.

Mo mọ ohun tó yẹ kí n ṣe. Ìràwọ̀ tó kù nínú fọ́tò náà ló yẹ kí n wọ̀n. Ṣùgbọ́n mo ń ro oyin. Mo ń ro oṣù mẹ́rin. Mo fẹ́ kí obìnrin tó kọ́ mi níṣẹ́ ṣí ìgò rẹ̀ kó tó lọ, mo sì fẹ́ kó jẹ́ ọwọ́ mi ni yóò ti bọ́ sí. Mo kọ ọ́ sínú ìwé: ọyẹ́ ni.

Alhaja fi pẹ́ńsù tọ́ka sí ìlà náà. Ó ní, "Ìkarùn-ún yìí ńkọ́?"

Mo ní, "Ọyẹ́ ni, Alhaja."

Ó wò mí. N kò parọ́ fún un rí. Ó buwọ́ lù ú.

Ó ṣí oyin náà lọ́jọ́ yẹn. Ó fi kan ahọ́n gbogbo wa, ó fún Malam Sani lẹ́ẹ̀mejì nítorí ó bẹ̀bẹ̀. Ó pe àlejò náà ní Àṣàbí, oríkì ìyá rẹ̀, ó sì rẹ́rìn-ín títí mo fi rí àlàfo eyín rẹ̀ kan lẹ́yìn tí n kò mọ̀ pé ó ti ká.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kò tíì pé nígbà tí ìwé dé láti ọ̀dọ̀ àwọn ẹlẹgbẹ́ wa kan lókè òkun, níbi tí ojú ọ̀run ti mọ́ ju tiwa lọ. Wọ́n ti wo aládùúgbò karùn-ún. Ìràwọ̀ méjì ni, wọ́n ń dí ara wọn lójú déédéé. Àṣàbí kò sí, kò sì fìgbà kan wà.

Alhaja ní kí n gbé àwọn fọ́tò wá, kí n wọn àwọn ìràwọ̀ tó kù lójú rẹ̀. Mo wọ̀n wọ́n. Kò sí èyí tó dín.

Ó ní, "Jímọ̀, ọyẹ́ tó bo gbogbo Zaria, báwo ló ṣe mọ ilé ìràwọ̀ kan ṣoṣo?"

Fúnra rẹ̀ ló kọ̀wé fún àwọn ẹlẹgbẹ́ wa pé àṣìṣe ni, orúkọ tirẹ̀ ló sì fi sí i. Kò dárúkọ mi. Lẹ́yìn náà ó gbé ìgò oyin náà ka orí tábìlì mi. "Gbé e lọ. Ìwọ lo ṣí i."

Àlejò kan ṣoṣo ló kù lọ́wọ́ wa, kékeré kan tó ń yí ìràwọ̀ rẹ̀ ká ní ọjọ́ mọ́kàndínlógún. Alhaja ló ṣe ọjọ́ kẹjọ rẹ̀ fúnra rẹ̀. Aládùúgbò kan nínú mẹ́ta dín. Ó wọn àwọn ìràwọ̀ tó kù, kò sí èyí tó bá a dín. Malam Sani la ẹnu láti sọ ọ̀rọ̀ tó máa ń sọ, ó wojú Alhaja, ó pa á dé. Alhaja fi bírò pupa fagi lé àlejò náà, ó di ẹrù rẹ̀, ó lọ sí ilé rẹ̀ ní Hanwa.

Bàbá mi ti dàgbà nígbà náà, ó ní kí n wá gba ṣọ́ọ̀bù búútà òun. Ọkàn mi fẹ́. Ṣùgbọ́n mo gbé ìgò oyin náà sí ibi tí ojú mi yóò máa kàn án, mo kó gbogbo ìwé àkọsílẹ̀ wa jọ, mo sì pinnu pé gbogbo ibi tí a ti kọ ọ̀rọ̀ ọyẹ́, àti gbogbo ibi tí aládùúgbò ti dín, ni n ó tún wò lọ́kọ̀ọ̀kan kí n tó fi iṣẹ́ sílẹ̀. Malam Sani máa ń bá mi nídìí wọn. Ó máa ń ní, "Bayerabe, ba ka gaji ba?" Yorùbá, ṣé kò tíì rẹ̀ ọ́? Mo máa ń dá a lóhùn pé ọjọ́ ìfẹ̀yìntì ni mo ti fi rírẹ̀ sí.

Ọdún kejì ni mo dé ojú ewé tí bírò pupa wà. Mo wo fọ́tò aládùúgbò tó dín náà. Lẹ́yìn náà ni mo ṣí ti àlejò mìíràn tí a ti fagi lé, tí a yà ní ọjọ́ mẹ́rin ṣáájú, ìràwọ̀ mìíràn pátápátá, apá ibòmíràn lójú ọ̀run. Ìràwọ̀ kan nínú ìyẹn náà dín. Mo gbé fọ́tò méjèèjì lé ara wọn. Ojú kan náà ni wọ́n wà, ní igun òsì nísàlẹ̀. Ìràwọ̀ méjì tí kò mọ ara wọn rí, tí wọ́n rọra sún dé ojú kan náà, tí àwọn méjèèjì ṣókùnkùn níbẹ̀.

Kámẹ́rà tó ya wọ́n ti fẹ̀yìn tì ṣáájú mi, inú páálí ló wà ní stọ́ọ̀. Mo tú u. Mo gbé gíláàsì iwájú rẹ̀ sí ojú oòrùn. Ẹ̀rún eruku kan wà níbẹ̀, kò tó ọmọ gààrí, ní igun gan-an. Eruku ọyẹ́. Mo ṣí ìwé tí a máa ń kọ ọjọ́ ìnugíláàsì sí wò. Ọjọ́ tí wọ́n nu ún kẹ́yìn, ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú ìgbà tí wọ́n fún mi ní tábìlì ni, ìkọ̀wé mi ló sì wà níbẹ̀.

Èyí tí mo sọ pé ọyẹ́ ni, kì í ṣe ọyẹ́. Èyí tí ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ sọ pé ọyẹ́ ni, ọyẹ́ ni. Èmi ni mo ṣe méjèèjì.

N kò lọ sí Hanwa. Kí ni mo fẹ́ lọ sọ? Pé ó ṣeé ṣe? Mo gbọdọ̀ kọ́kọ́ tún aládùúgbò náà wò. Ẹ rántí pé ọjọ́ mọ́kàndínlógún ni àlejò fi ń yípo. Lẹ́ẹ̀kan, ọ̀sán ló kọjá. Lẹ́ẹ̀kan, òjò. Lẹ́ẹ̀kan, iná lọ, jẹnẹrétọ̀ sì kọ̀. Ọdún mẹ́ta ni mo fi rí ìgbà mẹ́rin péré tó dára. Ní ìgbà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, aládùúgbò náà kò mira.

Sọ́fítíwíà ti dé sórí kọ̀ǹpútà wa lákòókò yìí, irú èyí tó ń ka ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìràwọ̀ kí n tó mu kókó tán. Bùkọ́lá ló ń darí rẹ̀, dókítà tuntun kan tí wọ́n bí ní Samaru, tó máa ń fi Hausa ka owó kó tó fi Yorùbá sọ ọ́. Sọ́fítíwíà rẹ̀ gba àlejò náà wọlé lójú ẹsẹ̀. Bùkọ́lá ní ṣé kí a kéde. Mo bi í pé kí ni ó tún lè jẹ́. Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Bàbá, ẹ ti di Alhaja." Síbẹ̀, ó kọ̀wé sí àwọn tó ní awò tó tóbi jù lọ, pé kí wọ́n bá wa wọn bí àlejò náà ṣe wúwo tó, nítorí pílánẹ́ẹ̀tì máa ń fa ìràwọ̀ rẹ̀ síwá sẹ́yìn díẹ̀, bí ọmọ ṣe ń fa ìyá rẹ̀ láṣọ. Ó pẹ́ kí èsì tó dé. Ó dé ní ọ̀sẹ̀ ìkẹyìn mi lẹ́nu iṣẹ́.

Ní Alámísì ọ̀sẹ̀ yẹn, mo wọ kẹ̀kẹ́ lọ sí Hanwa. Mo gbé kámẹ́rà dání nínú páálí, àti fọ́tò, àti ìgò oyin. Alhaja ti ń lo ọ̀pá, ojú rẹ̀ kò sì ríran tó tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n pẹ́ńsù wà nínú gèlè. Mo kí i, mo jókòó sílẹ̀ lórí ẹní. Mo rántí gbogbo ohun tí mo ti tò sílẹ̀ lọ́kàn láti sọ, ohun tó jáde lẹ́nu mi ni, "Alhaja, àlejò tí ẹ fi bírò pupa fagi lé. Ọyẹ́ ni."

Mo fi gíláàsì náà lé e lọ́wọ́. Ó fi ìka wá igun náà, ó rí i.

"Ta ló fi í sílẹ̀ síbẹ̀?"

"Èmi ni."

"Ta ló lé àlejò jáde?"

"Ẹ̀yin ni, Alhaja."

"Àwa méjèèjì nìyẹn." Ó gbé gíláàsì sílẹ̀. Ó gbé ọ̀pá rẹ̀ lé ẹsẹ̀. "Kí ni ó tún lè jẹ́?"

Mo bẹ̀rẹ̀. Ìkùukùu: ìgbà mẹ́rin, ojú ọ̀run mọ́. Ìràwọ̀ méjì: aládùúgbò mẹ́tẹ̀ẹ̀ta dúró. Àbàwọ́n lára ìràwọ̀: àsìkò rẹ̀ kò yẹ̀ rí. Ó ń fi ìka kà wọ́n. Mo sọ ti ìwọ̀n rẹ̀ fún un, pé ó fẹ̀ tó ayé kan àti ààbọ̀, ó wúwo tó mẹ́rin, òkúta gidi ni, ó sì gbóná débi pé Samaru nínú oṣù kẹrin á dà bí Jos lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Nígbà tí mo dé ìkẹsàn-án, mo dákẹ́.

Ó ní, "Ó ku ọ̀kan."

"Mo jẹ máásà mẹ́rin kí n tó kúrò nílé, Alhaja."

Èjìká rẹ̀ mì díẹ̀. Ó ní kí n gbé oyin wá. Ó ti dì. Ó ní kí wọ́n gbé omi gbígbóná wá, ó ki ìgò náà bọ̀ ọ́, a sì jókòó tì í títí ó fi yọ́. Ó fi ìka kan án, ó tọ́ ọ wò, ó na ìgò náà sí mi.

"Kì í ṣe Àṣàbí," ó ní. "Málọmọ́ ni ká pè é. A ti lé e lọ lẹ́ẹ̀kan."

Mo tọ́ oyin náà wò. Lẹ́yìn náà, bí ẹni tó kàn fẹ́ mọ̀, ó bi mí pé ta ló ń nu gíláàsì kámẹ́rà tuntun.

Ọjọ́ kejì ni ọjọ́ iṣẹ́ mi ìkẹyìn, ọjọ́ Jímọ̀ sì ni. Wọ́n ra súyà, wọ́n ń dúró dè mí nísàlẹ̀ láti ya fọ́tò. Mo ní kí wọ́n dúró díẹ̀. Mo mú búrọ́ọ̀ṣì, mo pe Bùkọ́lá kó wá wò bí a ṣe ń ṣe é, mo sì gun àkàbà.